Màmá tí kò wọlé ìbò rí: ṣé olóṣèlú ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan ní Abẹ́òkúta:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ń fa àríyànjiyàn nílé wa. Aṣọ ni ìyá mi ń tà lọ́jà, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ti ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáde du ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Bàbá mi kò gbà. Wọ́n ní ìwọ́de ni obìnrin mọ̀ ọ́n ṣe, pé òṣèlú kì í ṣe tiwọn. Ìyá Fẹlá olórin, ìyẹn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní pẹ̀lú gbogbo òkìkí màmá náà, wọn ò wọlé ìbò rí títí wọ́n fi kú. Mo fẹ́ fèsì, n ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ṣé òótọ́ ni pé wọn ò wọlé rí? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí gbogbo ènìyàn fi ń pè wọ́n ní aṣáájú obìnrin nínú òṣèlú?

* * *

Àbúrò, má bá bàbá rẹ jà lórí ibi tí wọ́n ti jàre. Màmá náà kò wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kankan rí. Ó du ipò aṣòfin ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, ó fìdí rẹmi. Ní 1959, ẹgbẹ́ kan náà kò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó dá dúró láìsí ẹgbẹ́, ó tún fìdí rẹmi.

Ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ wọn sí ni mi ò bá wọn dé. Fúnmiláyọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń pàṣẹ láìgba ọ̀nà ilé aṣòfin, ohun tó sì ṣe níbẹ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó wọlé ìbò láyé ìgbà náà ṣe lọ. Ó mú kí ìjọba dá owó orí dúró fún obìnrin Ẹ̀gbá. Ó mú kí agbára tí òyìnbó kó lé ọba nìkan lọ́wọ́ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé ìgbìmọ̀ tuntun kalẹ̀ láti máa darí ìlú, obìnrin mẹ́rin ló wọ inú rẹ̀, òun náà sì wà lára wọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọkùnrin nìkan ló ń jókòó síbẹ̀.

Torí náà, bí bàbá bá ní kò wọ ilé aṣòfin, gbà fún wọn. Bí wọ́n bá ní kò dé ibi àkóso, má gbà.

* * *

Àwọn kan ti ń kọ ọ́ níbí pé ìwọ́de ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀, pé ṣe ni inú bí àwọn obìnrin, wọ́n sì tú jáde. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí dọ́kàn, torí ó ń bo iṣẹ́ ọdún púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n to bó ṣe lọ.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 1900, Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ni wọ́n sì ń pè é nígbà náà. Ní 1914 ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ Abeokuta Grammar School. Ó lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919. Nígbà tó fi máa dé ní 1922, ó ti pa orúkọ òyìnbó tì, Fúnmiláyọ̀ ló ń jẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe. Ní 1925 ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ọ̀gá ilé ìwé tó padà di aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ NUT. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pe ìyàwó, Dáódù ni wọ́n ń pe ọkọ.

Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ kó jọ kì í ṣe ti ọlọ́jà rárá. Àwọn obìnrin tó kàwé, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ló kún inú Abeokuta Ladies' Club. Iṣẹ́ ọwọ́, ìtọ́jú ilé àti àpèjẹ ni wọ́n ń bá kiri. Ní 1944 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà, ibẹ̀ sì ni Fúnmiláyọ̀ ti gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí. Nígbà ogun Hitler, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn ní iye tó wù wọ́n, nígbà mìíràn wọn ò san nǹkan kan. Ẹgbẹ́ náà gbé e dé ọ̀dọ̀ aláṣẹ, kò lójú. Wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, ìgbà náà ni ìrẹsì gbígbà dáwọ́ dúró. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn obìnrin yìí lágbára.

Owó orí wá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó le jù. Láti 1918, ọdún ogun Adúbí, ló ti dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ì báà ní ọkọ. Ọjọ́ orí tí ọmọbìnrin ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án kéré sí ti ọmọkùnrin. Àwọn agbowó orí ń lé wọn wọ inú ilé, ẹ̀sùn sì wà pé wọ́n ń bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọge láti wò ó bóyá ọyàn wọn ti yọ tó ti ẹni tó yẹ kó san án. Kí ẹ tó máa sọ pé inú kàn bí wọn, ẹ kọ́kọ́ ro ti ìyá tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Abeokuta Women's Union, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́jà. Láti ìgbà náà, Bẹ́ẹ̀rẹ̀ pa aṣọ òyìnbó tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀. Bí wọ́n bá pàdé pẹ̀lú àwọn aláṣẹ òyìnbó, Yorùbá ló ń sọ, kí alákàrà tó jókòó sẹ́yìn lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórúkọ rẹ̀. Òyìnbó ni yóò wá ògbufọ̀ tirẹ̀. Wọ́n gba ẹni tó mọ ìṣirò owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ ibi tí owó orí ń lọ. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láṣẹ láti wọ́de, wọ́n ní àríyá ni àwọn ń lọ ṣe. Nínú ọgbà ilé rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọn yóò ṣe fi aṣọ bo imú àti ojú bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú, àti bí wọn yóò ṣe gbé agolo rẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ padà.

Ìgbà tí gbogbo ìyẹn ti wà nílẹ̀ ni ìwọ́de tó dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 kóra jọ síwájú ààfin, wọ́n sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Orin tí wọ́n ń kọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣeé kọ síbí. Wọ́n tún padà lọ láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, wọn ò sì dìde títí wọ́n fi tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Ní 1948 ìjọba dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù Keje ọdún náà, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, kúrò nílùú, ó lọ sí Òṣogbo. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1949, ó fi ipò sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ní orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ nínú ìwé, ó ní owó dídá, ó ní ìpàdé tí kì í yẹ̀, ó ní ẹni tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò. Èwo nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí à ń rí lónìí ló lè fi ìwé orúkọ hàn yín ní wọ́ọ̀dù yín pé ẹni báyìí báyìí dá owó oṣù tó kọjá?

* * *

Èsì fún ẹni tó kọ̀wé láti Ìbàdàn, tó ní Wúràọlá Esan ni aṣáájú, pé àwa Ẹ̀gbá ń gba ipò onípò.

Mi ò gba ipò ẹnikẹ́ni. Wúràọlá Adépéjú Esan ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Sẹ́nétì ní Nàìjíríà, ní 1960, lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group. Ní 1944 ló ti dá Ibadan People's Girls' Grammar School sílẹ̀ ní Mọ́lété, ní 1975 ó sì jẹ oyè Ìyálóde Ìbàdàn. Ẹni tó bá fojú kéré obìnrin yìí kò mọ ìtàn.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo nǹkan kan. Yíyàn ni wọ́n ń yan sẹ́nétọ̀ nígbà náà, aráàlú kò dìbò fún wọn. Bí a bá fi òṣùwọ̀n bàbá àbúrò wa wọ̀n ọ́n, pé ẹni tí kò wọlé ìbò kì í ṣe olóṣèlú, Ìyálóde náà yóò bọ́ sílẹ̀. Ó di 1983 kí obìnrin tó fi ìbò wọ Sẹ́nétì, Franca Afegbua láti ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ní Ìlà-Oòrùn, Margaret Ekpo wọ ilé aṣòfin ẹkùn wọn ní 1961 pẹ̀lú ìbò, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń kó àwọn obìnrin Àbá jọ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ní Àríwá, obìnrin kò dìbò rárá títí di 1976. Gambo Sawaba ń ṣe òṣèlú níbẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ NEPU, ẹ̀wọ̀n ló ń wọ̀, ó ń jáde. Ṣé a óò wá ní kì í ṣe olóṣèlú torí pé òfin kò jẹ́ kó dìbò, áḿbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n dìbò fún un?

Ẹni tó dárúkọ Ìyálóde Tinúbú náà jàre. Ní 1864 ló jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá, ọba àti òyìnbó ló bá fà á. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò gbọ́ orúkọ náà láti kékeré? Bẹ́ẹ̀rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

* * *

Ọmọ ìlú mi kan bínú sí mi gan-an lórí ọ̀rọ̀ Aláké. Ó ní òyìnbó ló ni owó orí, pé iṣẹ́ tí wọ́n rán ọba ló jẹ́, pé a fi ẹ̀ṣẹ̀ ajẹ́lẹ̀ jẹ kábíyèsí níyà.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òótọ́ nínú. Òyìnbó ló gbé ètò náà kalẹ̀. Àwọn ló sọ ọba di aláṣẹ kan ṣoṣo lábẹ́ òfin, tí kò sí ìjòyè tó lè dá a dúró mọ́ bó ṣe rí láyé àtijọ́. Láyé àtijọ́, ọba Ẹ̀gbá kì í dá pàṣẹ; Ògbóni wà, Ológun wà, Pàràkòyí wà, Ìyálóde wà. Ohun tí òyìnbó bàjẹ́ nìyẹn, òun gan-an sì ni Fúnmiláyọ̀ kọ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1947, pé obìnrin ní ipò tirẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Òun nìkan ni obìnrin nínú ikọ̀ NCNC tí Azikiwe kó lọ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ lórí òfin ìṣèjọba tí gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ yẹn dá wàhálà sílẹ̀ nílé, àwọn alátìlẹ́yìn Aláké ní irọ́ ló pa mọ́ ìlú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ náà ń jẹ nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Mi ò lè gbà pé kò sọ́wọ́ kábíyèsí níbẹ̀. Ohun tí mo gbà fún arákùnrin wa ni pé kì í ṣe obìnrin nìkan ló lé ọba lọ. Ní 1948 àwọn Ògbóni náà ti kẹ̀yìn sí i. Bí a bá ń sọ ìtàn yìí bíi pé Bẹ́ẹ̀rẹ̀ kàn kígbe tí ọba sì sá, a ti sọ ọ́ di àlọ́. Aláké padà dé ní oṣù Kejìlá 1950, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di 1962. Ìlú gbà á padà. Ìgbà tó fi máa dé, agbára rẹ̀ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá òótọ́ ni pé Bẹ́ẹ̀rẹ̀ wa mọ́tò: bẹ́ẹ̀ ni, ó wa mọ́tò nígbà tó ṣọ̀wọ́n kí obìnrin wa mọ́tò. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé bí o bá bi ọmọ ilé ìwé léèrè lónìí nípa rẹ̀, mọ́tò ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn ò kọ́ ọ nípa owó orí. Mo ti bi àwọn ọmọ àdúgbò wa léèrè, bákan náà ni ìdáhùn wọn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìbò, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè wà. Kí ló dé tí ẹni tí àwọn obìnrin tó tó 20,000 ń tẹ̀ lé kò wọlé ní 1951?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dìbò nígbà náà. Aráàlú kì í dìbò tààrà fún aṣòfin. Wọn yóò kọ́kọ́ yan àwọn aṣojú ní àdúgbò, àwọn yẹn yóò tún yan àwọn mìíràn, àwọn ìkẹyìn yìí ni yóò wá jókòó yan ẹni tó ń lọ sí ilé aṣòfin ní Ìbàdàn. Ní gbogbo ìpele, ọkùnrin ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá sì san owó orí ni orúkọ rẹ̀ lè wọ ìwé olùdìbò. Obìnrin Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ owó orí ni. Ọlọ́jà tó sun iwájú ààfin ní 1947 kò ní ìwé owó orí lọ́wọ́ ní 1951, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a padà. Ẹ̀tọ́ kan tí wọ́n jà fún ni wọ́n fi gba èkejì lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ rí i kedere, ó sì ń jà kí wọ́n fún gbogbo obìnrin ní ìbò láìwo owó orí, kí wọ́n sì yé yan aṣojú lé aṣojú. Ní 1949 ó ti sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di Nigerian Women's Union, kó lè kúrò ní ti Abẹ́òkúta nìkan. Ní 1953 ó pe àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà jọ sí Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ ìbò wà lára ohun tí wọ́n sọ.

Ti 1959 tún yàtọ̀. Nígbà yẹn, obìnrin ní Gúúsù ti lè dìbò. Ó ti fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ fún NCNC, ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ilé aṣòfin àpapọ̀, wọ́n fún ọkùnrin. Ó bínú, ó dá dúró. Ìbò pín, Action Group gba ìjókòó náà, NCNC lé e kúrò. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Commoners' People's Party, kò sì pẹ́ tó fi parẹ́.

Àwọn kan níbí ní àṣìṣe ni, pé ì bá mú sùúrù, ì bá dúró de ìgbà mìíràn nínú ẹgbẹ́. Èmi kò bá wọn lọ. Ẹni tó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tó ti rìn fún ẹgbẹ́ láti 1947, ìgbà mìíràn wo ni yóò dúró dè? Ibi tí mo ti gbà pé ó kù díẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ obìnrin tó kó jọ kò di ẹ̀rọ ìbò. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kó ènìyàn dé ààfin. Ká kó ènìyàn dé ibi àpótí ìbò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ká ṣọ́ àpótí, ká sì bá àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ dọ́gbọ́n lóru, iṣẹ́ mìíràn ni.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí ojú mi ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin kan ní àdúgbò wa jáde du ipò nínú ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, mo sì wà lára àwọn tó ń bá a rìn. Gbogbo ọjà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan olùdíje, wọ́n ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. A débẹ̀, a bá ìlẹ̀kùn ní títì. Nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú ni ẹnìkan pè wá pé òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn títì ni wọ́n wà. A dé ọ̀hún, wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn aṣojú. Kò sí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo nínú àwọn tiwa nínú ìwé tí alága mú dání, bẹ́ẹ̀ a ti fọwọ́ sí ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ìwé mìíràn ni wọ́n gbé wá. Wọ́n wá fún obìnrin náà ní ipò olórí àwọn obìnrin láti fi tù ú nínú. Ó gbà á. Inú mi kò dùn pé ó gbà á, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo bí ìjókòó ṣe rí nísinsìnyí náà. Lẹ́yìn ìbò 2023, obìnrin tó wọ Sẹ́nétì kò pé márùn-ún nínú 109. Wọn ò tíì dìbò yan obìnrin kankan ṣe gómìnà ní Nàìjíríà. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa, igbákejì gómìnà ni wọ́n máa ń fi obìnrin ṣe. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé Fúnmiláyọ̀ ló fà á tí kò fi wọlé. Ibi tí wọ́n ti dí i mọ́nà ṣì wà níbẹ̀.

* * *

Ẹni tó ní kọ́múníìsì ni Bẹ́ẹ̀rẹ̀: ohun tí ìjọba náà sọ nìyẹn. Ó lọ sí Ṣáínà ní 1956, ó lọ sí Rọ́ṣíà àti àwọn ìlú bẹ́ẹ̀, ó sì ní ipò nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbáyé tí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn ń tì lẹ́yìn. Nítorí èyí, ìjọba Balewa kọ̀ láti tún pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe, Amẹ́ríkà náà kò fún un ní físà ní 1958. Òun fúnra rẹ̀ ní òun kì í ṣe kọ́múníìsì. Ní 1970 ó gba ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin. Fásitì Ìbàdàn ti fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1968, Nàìjíríà náà ti fún un ní oyè MON ṣáájú. Ìlú tó kọ̀ láti tún pásípọ́ọ̀tù ẹni náà ṣe ló tún fún un lóyè, ẹ fi ìyẹn kún un.

* * *

Ẹlòmíràn ní a kò bá má mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe Fẹlá. Ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò lè fara dà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Fẹlá nígbà tí ìyá rẹ̀ kó obìnrin lọ sí ààfin. Olikoye ẹ̀gbọ́n Fẹlá tó di mínísítà ètò ìlera, Bẹ́kò àbúrò rẹ̀, dókítà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú, ilé kan náà ni wọ́n ti rí i.

Ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977 ni àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sọ màmá láti ojú fèrèsé òkè sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà, ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó jìyà rẹ̀. Bí mo bá rántí bí ó ṣe kọ́ àwọn obìnrin láti máa fi aṣọ bo imú nítorí tajútajú, tí mo sì rò ó pé ilé ni wọ́n wá bá a ní ọjọ́ ogbó, mi ò lè kọ̀wé sí i.

* * *

Àbúrò wa ti padà wá. Ó ní bàbá ti ka gbogbo rẹ̀, wọ́n ní àwọn gba ti ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ni èyí kàn ìyá òun tó ń ta aṣọ. Ó ní ìyá rẹ̀ fẹ́ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Kí wọ́n lọ wo ìwé ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù báyìí, kì í ṣe nígbà tí ìbò bá kù dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sì wo ẹni mélòó nínú àwọn ọlọ́jà tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kéré, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: kí àwọn tó ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n jáde lọ gba káàdì ẹgbẹ́, kí wọ́n sì gba káàdì ìdìbò. Ẹni tí kò ní méjèèjì, àdúrà ló lè ṣe fún wọn. Kí wọ́n máa fi fóònù ya gbogbo ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Kí wọ́n ní ìwé owó ọ̀tọ̀, kí ẹlòmíràn máa kọ ọ́, torí ibi owó ni wọ́n ti máa ń ba obìnrin lórúkọ jẹ́. Bí wọ́n bá fi ipò olórí obìnrin lọ̀ wọ́n kí wọ́n lè jáwọ́, kí wọ́n ti mọ ìdáhùn wọn kí ọjọ́ náà tó dé.

Ní ti bàbá: sọ fún wọn pé Dáódù kò dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀gá ilé ìwé ni, àlùfáà ni, ilé rẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń péjọ, kò sì lé wọn. Bí bàbá bá ti gbà, iṣẹ́ wà fún wọn. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yan olùdíje, a nílò ẹnìkan tó máa wà níbẹ̀ láti àárọ̀, tí kò ní kúrò títí wọn yóò fi ka orúkọ tán, tí alága wọ́ọ̀dù kò sì ní lè sọ fún pé kó lọ sílé.